Jọ́ọ̀gì Olódídẹrẹ́ Tó Wà Nílé Màmá Ìfọ̀

A mọ̀ pé a jẹ yín ní gbèsè àròkọ láti ìgbà tí sáà tó kọjá ti parí. Ohun tó dá wa dúró náà ni a fẹ́ ròyìn fún yín lónìí. Jọ́ọ̀gì kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì mọ̀ wá, ìbejì ni wá. Mówè ni àwọn òbí wa ń gbé, ẹ̀bá Ìbàfò ni a ti ń kàwé, Ìfọ̀ sì ni màmá tó bí bàbá wa wà. Bí ẹ bá wò ó lórí máàpù, ẹ ó ní Mówè àti Ìfọ̀ kò jìnnà síra. Ẹ wọkọ̀ kí ẹ wò ó ná. A ó gba òpópónà márosẹ̀ dé Berger, a ó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Sango, ibẹ̀ ni a ó ti tún wọ èyí tí yóò gbé wa dé Ìfọ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí a kì í fi í lọ kí Màmá ju ìgbà ọdún lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó wà lára ẹ̀bi wa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Jọ́ọ̀gì náà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ Màmá kí a tó gbọ́njú. Ó ga tó nǹkan bí ínṣì méje. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ló dà pọ̀ lára rẹ̀, ó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró nù ún. Odídẹrẹ́ kan yọ lára rẹ̀, ìyẹ́ apá rẹ̀ hàn débi pé èèyàn lè fi ìka kà á. Ibi kékeré kan ti họ ní etí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, igbe Bàbá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ìtàn tí Bàbá Àgbà máa ń sọ fún àlejò ni pé Henry Townsend, òyìnbó míṣánnárì tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1843, ló fi jọ́ọ̀gì náà ta baba ńlá òun lọ́rẹ. Abẹ́òkúta ni ìdílé wa ti ṣẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé Bàbá Àgbà wá sí Ìfọ̀, níbi tí ẹ̀ka tó lọ sí Ìdógò ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ẹrù rẹ̀ bá a wá, ìtàn rẹ̀ náà sì bá a wá. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo.

Bàbá Àgbà kú ní ọdún kéjì sí ìsinsìnyí. Lẹ́yìn tí a ṣe ìrántí ọdún kan tán, ọ̀rọ̀ ogún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọ̀tà ni àkọ́bí, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ tó ṣaláìsí kí Bàbá Àgbà tó fẹ́ Màmá. Òun ni Dáwódù. Ó ní jọ́ọ̀gì náà kì í ṣe ti Bàbá Àgbà nìkan, pé ti baba ńlá gbogbo wa ni, nítorí náà abẹ́ ọwọ́ òun ló yẹ kó wà. Ó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní Èkó. Ọkùnrin náà ní bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ti wà láti ayé àwọn míṣánnárì, òun yóò san ₦600,000.

Ẹ má ṣe rò pé Bàbá Ọ̀tà burú o. Ó pè wá, ó ní, “Ẹ̀yin ìbejì, nínú owó yìí ni a ó ti yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ yín fún ọdún àṣekágbá. Ẹ̀yin náà lẹ kàwé. Ẹ bá wa wádìí rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí oníbàárà lè fọkàn balẹ̀.” Ẹ̀yin náà mọ bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí. A dáhùn kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

A lọ sí Ìfọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. A tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, a rọra gbé jọ́ọ̀gì náà jáde, a sì yí i padà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà: “wá ìdí” ni ìwádìí, ìdí jọ́ọ̀gì sì ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà tó yọ lára amọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni a rí níbẹ̀: McCoy. Lábẹ́ rẹ̀, USA.

A pe Bàbá Ọ̀tà lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, nítorí ará Ìlú Ọba ni Townsend. Ó wá ní, “Ẹn-ẹ́n! Kì í ṣe Townsend nígbà náà. Bowen ni!” Thomas Jefferson Bowen ni ó ń wí, míṣánnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1850, tí ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1858. Báyìí ni ìtàn tí a ti ń gbọ́ láti kékeré ṣe pààrọ̀ òyìnbó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí a má tan yín, inú wa dùn sí Bowen. Òyìnbó Amẹ́ríkà, jọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà: ó jọra. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń wo nǹkan náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa kò balẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe wá ní kàyéfì ni bí wọ́n ṣe mọ ọ́n. Àmù omi Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo ìdí ìkòkò àwọn ìyá wa: ó rí roboto, orí òṣùká tàbí inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kà. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò sí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀, amọ̀kòkò kò sì kọ orúkọ sí i nítorí gbogbo ọjà ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Jọ́ọ̀gì yìí yàtọ̀ pátápátá. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Ìlà tín-ínrín kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀. Nígbà tí a ki ìka bọ inú rẹ̀, ibi tí odídẹrẹ́ yọ sí níta ni inú ti kò sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé dídà ni wọ́n dà á. Nínú irú iṣẹ́ yìí, POP, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń dà á sí. Wọ́n á po amọ̀ kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á dà á síbẹ̀, POP á fa omi rẹ̀, amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n á da ìyókù jáde, wọ́n á wá sun ún. Ohun tí wọ́n bá ṣe báyìí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kẹ́ àìmọye ni.

Ohun kejì ni orúkọ. McCoy kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni jọ́ọ̀gì bí Bàbá Ọ̀tà ṣe rò lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ ni, ní ìlú Roseville ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọdún 1910 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1933 sí Nelson McCoy Pottery Company, wọ́n sì tì í ní 1990. Àwọn tó ń kó ohun èlò rẹ̀ jọ sọ pé nǹkan bí ọdún 1940 ni orúkọ McCoy gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ìdí wọn. Bowen ti kú ní ọdún 1875. Ẹni tó ti kú kò lè fi ohun tí wọn kò tíì dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tọrẹ.

Ohun kẹta ni odídẹrẹ́. Àwọn tó ń kó McCoy jọ ní Amẹ́ríkà ti to àwọn iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú fọ́tò àti ọdún. A bá odídẹrẹ́ wa níbẹ̀, tòun ti ìyẹ́ apá rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ sí i ni 1952.

Ẹ̀rù kan kù: ayédèrú. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tuntun, wọ́n ń kọ McCoy sí ìdí rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mọ́ wa. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ tí wọ́n sì sun ún. Ẹni tó bá fi ojúlówó ṣe ìwọ̀n láti da ayédèrú, tirẹ̀ yóò kéré díẹ̀ ju ojúlówó lọ. A yá téèpù tí Màmá fi ń wọn aṣọ, a wọn jọ́ọ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé.

Nígbà tí ọwọ́ wa ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù tán, a yí gbogbo abọ́ tánńganran ibẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ èyí, nítorí yóò wúlò fún yín nílé tiyín. Òfin kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1890, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891, pé ọjà òkèèrè tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìlú tó ti wá lára. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “England” ní ìdí àwo, lẹ́yìn 1891 ni ẹ ó kọ́kọ́ fọkàn sí. Bó bá jẹ́ “Made in England”, ó sábà máa ń kéré sí ìyẹn lọ́jọ́ orí. Àmì oníhà mẹ́rin bíi káàtì dáyámọ́ńdì sì wà tí ìjọba Ìlú Ọba ń lò láti 1842 dé 1883. A kò rí ìkankan nínú dáyámọ́ńdì náà ní Ìfọ̀. “Made in England” ló kún ibẹ̀.

Ẹ̀rí tó kẹ́yìn wà lára ògiri. Fọ́tò ìgbéyàwó Bàbá Àgbà àti Màmá ni. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni tábìlì kékeré kan wà, orí rẹ̀ ni jọ́ọ̀gì olódídẹrẹ́ wà tí wọ́n fi òdòdó sí. A yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù. Ẹnì kan ti fi bírò kọ 1958 sẹ́yìn rẹ̀. Ayédèrú ẹ̀yìn ìgbà náà kò lè bọ́ sínú fọ́tò 1958. Ọ̀rọ̀ di méjì péré: kò ṣáájú 1952, kò sì kọjá 1958.

A padà sí Mówè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò síná. A jókòó sí bàkónì, a ń ṣírò. Ibí yìí nìkan ni “àwa” ti pín sí méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ní, “Bí a bá kọ 1850 sínú ìwé, ta ni yóò mọ̀? Ọkùnrin yẹn lówó. Odídẹrẹ́ náà kò ní sọ̀rọ̀.” Èkejì ní, “Tí ó bá gbé e fún ẹni tó mọ̀ ńkọ́?” Ẹ wò ó, ìdáhùn yẹn kò tilẹ̀ dára ju ìbéèrè lọ: ẹ̀rù kí àṣírí má tú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe òtítọ́. ₦600,000 ń dún létí wa. A ti fọkàn ná an. A sùn láì fẹnu kò.

Ohun tó gbà wá kì í ṣe ìwà rere. Ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí a sùn ni: báwo ni jọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣe ní Ohio ní 1952 ṣe dé orí tábìlì ìgbéyàwó ní 1958? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wo ojú ara wa. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Màmá wà ní pálọ̀ yẹn. Òun ló wà nínú fọ́tò. Òun ló yá wa ní téèpù. A kò bi í.

A tún wọkọ̀ padà. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. A kúnlẹ̀, a kí i, a wá béèrè. Kò gbé ojú sókè.

“Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ ti wá béèrè báyìí. Tèmi ni.”

Ó sọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọjọ́, láìsí nọ́ńbà kan. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí Aláké, ọmọ kékeré ni òun, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí òun bàlágà, òun lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Òun wá ń rán aṣọ, òun ń lọ aṣọ fún ìyá òyìnbó Amẹ́ríkà kan, míṣánnárì, ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni jọ́ọ̀gì náà máa ń wà, òdòdó ni ìyá náà ń fi sínú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ìyá náà ń padà sílé. Ó gbọ́ pé Màmá fẹ́ẹ́ lọ sílé ọkọ, ó sì gbé jọ́ọ̀gì náà fún un.

Ọdún 1956 ni Ọbabìnrin wá. Ọdún 1957 nìyẹn. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún pọ̀ sáàárín 1952 àti 1958, Màmá fi ojú ọdún kan ṣoṣo lé e lórí, ẹ̀wà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí Bàbá Àgbà máa sọ pé ti baba ńlá òun ni?”

Ó ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní rélùwéè. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Òun kò fẹ́ dójú tì í lójú àlejò. Nígbà tó yá, ó jọ pé òun náà gbà á gbọ́. “Ìyàwó ni mí nígbà náà. Mo sì rò pé ọjọ́ kan ẹnì kan á bi mí.”

A kò mọ ohun tí a lè sọ. Ìgbà náà ló yé wa pé ọ̀rọ̀ yìí ju owó lọ. Nínú àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Bí jọ́ọ̀gì bá jẹ́ ti baba ńlá, Màmá kò ní ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ mú wá sílé ọkọ, kò sẹ́ni tó lè pín in. Ọjọ́ orí amọ̀ yẹn ló ń sọ ẹni tó ni ín. Bí a bá kọ 1850, a kì í ṣe oníbàárà nìkan ni a ó rẹ́ jẹ. Màmá ni a ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ wa jà lólè, ní pálọ̀ rẹ̀, lójú rẹ̀.

A kọ 1952 sínú ìwé. A kọ 1958. A kọ 1957 àti ẹni tó sọ ọ́.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní Ìfọ̀. A ka ìwé náà, a gbé fọ́tò sílẹ̀, a yí jọ́ọ̀gì padà kí olúkúlùkù wo ìdí rẹ̀. Bàbá Ọ̀tà wò ó pẹ́. Kò bá wa jà, kò sì yìn wá. Ó jáde sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó pe oníbàárà. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí a jókòó sí: “1952 kẹ̀? Ó pọ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò tó owó epo mi.” Bàbá Ọ̀tà wọlé padà, ó ní, “Ẹ gbé jọ́ọ̀gì Màmá fún Màmá.”

Yóò wù wá kí a sọ fún yín pé òtítọ́ ló borí lọ́jọ́ yẹn. Bóyá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a rí i pé iye rẹ̀ tó já wálẹ̀ ló mú kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Bó bá jẹ́ pé 1957 ló gbówó lórí ńkọ́? A kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí a mọ̀ ni pé Màmá ti sọ tẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, wọ́n sì gbọ́.

Ní ti owó ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ìsinmi yẹn ni a fi ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì kan ní Ìbàfò. Bàbá wa wá ìyókù. Ìdí nìyí tí àròkọ wa fi pẹ́. Ẹ forí jì wá.

Bí ẹ bá délé, ẹ yí àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín àgbà padà. Ẹ wo ìdí wọn, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ ọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wá fọ́tò àtijọ́ tó ní ọdún lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìkankan nínú rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ni kọ́bọ́ọ̀dù.

Jọ́ọ̀gì náà kò sí nínú gíláàsì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá ló wà, omi tó fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló ń bù sínú rẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i kẹ́yìn, a kọ orúkọ rẹ̀, Ìdí-Àbà àti 1957 sórí bébà kékeré kan, a fi ṣẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí jọ́ọ̀gì náà. Ẹni tó bá yí i padà lẹ́yìn wa, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Townsend.